Ìwé Méje Tí Mo Kà Lẹ́yìn Ojúde Ọba

Ẹni tó bá ń ránṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde mọ bí nǹkan ṣe máa ń rí kí Iléyá tó dé. Ẹgbẹ́ kan á kó àádọ́ta ìró àti bùbá wá lẹ́ẹ̀kan náà, òmíràn á ní agbádá ni àwọn fẹ́ rán fún àwọn ọkùnrin wọn, gbogbo wọn á sì ní kó jáde kó tó di ọjọ́ kẹta Iléyá tí àwọn rẹgbẹrẹgbẹ máa ń lọ kí ọba ní Ojúde Ọba. Èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́ta kì í sùn ju wákàtí mẹ́ta lọ lóru láàárín oṣù yẹn. Ẹṣin á ti máa jó lóde, ìlù á ti máa dún, a ṣì ń kan bọ́tìnnì. Tí ọjọ́ yẹn bá wá kọjá, kẹ́kẹ́ á pa. Owó ti tán lọ́wọ́ oníkálukú. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje, àfi ẹni tó bá fẹ́ kí a bá òun tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ tó fún un ló kù tó ń yà sí ṣọ́ọ̀bù.

Fóònù ni mo máa ń fi pa irú àkókò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Màá máa fọwọ́ yí i sókè sódò títí ilẹ̀ á fi ṣú, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi mí pé kí ni mo rí níbẹ̀, mi ò ní rí nǹkan kan sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, àbúrò mi ọkùnrin tó jẹ́ tíṣà ní Ṣágámù ń kó kúrò nílé tó ń gbé, kò rí àyè fún páálí ìwé méjì, ó bá gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi. Mo tú gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Eruku bo ojú mi. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí mo mọ orúkọ wọn láti ilé ìwé, tí mi ò kà tán rí. Àwọn kan wà tí mi ò tilẹ̀ gbọ́ nípa wọn rí. Mo dúró síbẹ̀, mo sì pinnu: ìwé kan lọ́sẹ̀ kan, ìwé méje kí iṣẹ́ tó padà dé.

Mo ṣà wọ́n bí mo ṣe máa ń ṣa aṣọ fún oníbàárà tí kò tíì mọ ohun tó fẹ́, mi ò jẹ́ kí méjì jọra. Mo mú ìtàn ọ̀daràn kan, ìwé onílẹ́tà kan, ìtàn tí ẹnì kan fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀, ìwé kan tí ọmọ kọ nípa bàbá rẹ̀, ìwé ewì, ìtàn àròsọ ti ayé òde òní, àti eré oníṣe. Mẹ́ta nínú wọn jẹ mọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tààrà, mi ò sì mọ̀ọ́mọ̀ wá a bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú páálí ni.

Òfin tí mo ṣe fún ara mi kò pọ̀. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, fóònù á wọ inú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì mi, kò sì ní jáde títí màá fi ka ojú ìwé márùndínlọ́gbọ̀n. Èékù aṣọ ni mo fi ń sàmì sí ibi tí mo bá dé, ìwé kọ̀ọ̀kan sì ní àwọ̀ tirẹ̀. Ohun tí mo bá rò nípa ohun tí mo kà, inú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí ni mo ń kọ ọ́, nítorí apá òsì rẹ̀ máa ń ṣófo. Ẹni tó bá ṣí i lónìí á rí àyà 42, ìbàdí 46, gígùn apá 23 lápá ọ̀tún, á sì rí ọ̀rọ̀ Lápàdé àti Ṣẹ̀gilọlá, ẹ̀dá inú méjì nínú àwọn ìwé náà, lápá òsì.

Ìwé tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969. Mo fọkàn kà á, mi ò yanu. Ojú ìwé mẹ́jọ péré, ó ti sú mi, kì í sì í ṣe ẹ̀bi òǹkọ̀wé. Ọdún mélòó ni mo ti kà Yorùbá tó gùn ju ìwé ìpè àríyá lọ? Ojú mi ń yára bí ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì, á fo àmì ohùn, màá sì tún padà sẹ́yìn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo dé ibì kan tí Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ń fi òwe dá ẹnì kan lóhùn, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu mi. Ọmọ iṣẹ́ mi kékeré gbójú sókè níbi tó ti ń kó òwú jọ.

“Àǹtí, kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí?”

Mo kà á fún un sókè. Òun náà rẹ́rìn-ín. Àwọn méjì yòókù ní kí n padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti yí padà, torí láti ìgbà yẹn lọ, mi ò dá ìwé kan kà ní ìdákẹ́jẹ́ mọ́. Bí mo ṣe ń la ẹnu, àmì ohùn tó ń dí mi lọ́wọ́ di ohun tó ń ràn mí lọ́wọ́. Gbólóhùn Òkédìjí gùn, òwe ń gun òwe lórí, àmọ́ ẹnu ni wọ́n wà fún. Ẹni tó bá ń fojú lásán ka irú Yorùbá yẹn dà bí ẹni tó ń wo ìkòkò ọbẹ̀ láìṣí i. Mo fẹ́ràn bí Lápàdé àti Tàfá ṣe jọ ń rìn, bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn tí wọn kì í sì í fi ara wọn sílẹ̀. Ibi tí mi ò ti bá òǹkọ̀wé ṣe ni pé ó tó ìgbà mélòó kan tí mo rò pé oríire ló yọ Lápàdé, tí ọgbọ́n rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà kò gbà. Ó ní ẹni tó bá ń lé olè kò gbọ́dọ̀ ṣàìní oríire. Mo kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà sílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin la fi parí rẹ̀.

Ìwé kejì ni Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka Yorùbá mọ̀ nípa rẹ̀. I. B. Thomas ló kọ ọ́. Òun ló ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, inú rẹ̀ ló sì ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ láàárín 1929 sí 1930, bí ẹni pé obìnrin arúgbó kan tó wà lórí àìsàn ló ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí olóòtú. Kò forúkọ ara rẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ìgbà yẹn gbà pé Ṣẹ̀gilọlá wà láàyè. Àwọn onímọ̀ púpọ̀ ló kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, èyí tó fi bí ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938. Ẹ̀dà tí àbúrò mi ní, fọ́tókọ́pì ni, ojú ìwé mẹ́fà kò sì sí nínú rẹ̀. Mo bínú gidigidi nígbà tí mo débẹ̀. Ó tún jẹ́ àkọtọ́ àtijọ́, “aiye” àti “enia” ló kún inú rẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ti ka Bíbélì ìyá rẹ̀ rí kò ní sọnù.

Ohùn obìnrin yìí kò tíì kúrò létí mi. Á sọ̀tàn díẹ̀, á ní omijé kò jẹ́ kí òun rí ìwé tí òun ń kọ, á ní kí olóòtú forí ji òun, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Á kọ orin tí wọ́n ń kọ ní Èkó nígbà èwe rẹ̀. Á dárúkọ àdúgbò. Á kìlọ̀ fún àwọn ọmọge, lẹ́yìn náà á sọ bí ọkùnrin kan ṣe náwó fún un, ẹni tó bá ń gbọ́ ọ á sì mọ̀ pé inú rẹ̀ ṣì ń dùn sí owó yẹn títí dòní. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ò jẹ́ kí n sinmi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo ní ọ̀fun ń dùn mí, àgbà inú wọn gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó sì ń kà á lọ.

Síbẹ̀, inú mi kò dùn sí bí ó ṣe parí. Gbogbo ìyà, orí Ṣẹ̀gilọlá ló dà á lé. Àwọn ọkùnrin tó bá a jayé lọ sílé wọn ní àlàáfíà, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọ lẹ́tà ìrònúpìwàdà. Mo mọ̀ pé bí ayé ìgbà yẹn ṣe ń rò nìyẹn, mo sì mọ̀ pé ọkùnrin ló di gègé náà mú. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé: obìnrin yìí gbọ́n ju ẹni tó kọ ọ́ lọ. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ti Awólọ́wọ̀. Ìwé tó kọ nípa ara rẹ̀ jáde ní 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta, 1909, kò sì sí ọmọ Rẹ́mọ tí kò mọ àwòrán fìlà àti awò ojú rẹ̀. Mo ti ń rí àwòrán yẹn lára ògiri láti kékeré, n kò mọ̀ pé ọmọ ọdún mọ́kànlá péré ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1920, tí ìwé kíkà rẹ̀ sì di ohun tó ń ja ìjàdù fún. Àwọn orí ìwé ìgbà èwe yẹn ló dára jù lọ lójú mi. Lẹ́yìn wọn, ibi tó ti sọ bí ó ṣe ń ṣòwò. Ó ra kòkó tà, ó fi ọkọ̀ ṣòwò, òwò náà dẹnu kọlẹ̀, ó wọ gbèsè, kò sì bò ó mọ́lẹ̀ fún òǹkàwé. Èmi tí mo ti jẹ gbèsè léèsì rí, mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó fi máa lọ kàwé amòfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, ó ti pé ọmọ ọdún márùndínlógójì, ó ní ìyàwó àti ọmọ, ó fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Ọdún méjì ni ó lò kó tó di lọ́yà.

Àárín ìwé náà gan-an ni agbára ti tán mi. Ẹgbẹ́ òṣèlú, ìpàdé, ẹni tó sọ báyìí àti ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń ro ẹjọ́ rẹ̀ bí agbẹjọ́rò tó wà níwájú adájọ́, kò sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo kà á tán nítorí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955, torí ìyá mi wà lára àwọn ọmọ tó tipa rẹ̀ wọ ilé ìwé, mo sì fẹ́ rí ibi tí àlá náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kò dúró gbọ́ apá yẹn, mi ò sì bá wọn jà.

Ìsarà: A Voyage Around Essay ló gbà mí ní ọ̀sẹ̀ tó kàn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́gun mi. Wọlé Ṣóyínká kọ ọ́ ní 1989, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tó gba ẹ̀bùn Nobel. Ará Ìṣarà Rẹ́mọ ni bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn ikú bàbá náà, ọmọ ṣí àpótí páànù kan, ó bá lẹ́tà àti ìwé lóríṣiríṣi níbẹ̀, ó sì ti inú wọn hun ìtàn àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó jáde ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní Iléṣà, tí wọ́n fẹ́ tún ìlú wọn ṣe. Èmi náà, inú páálí àbúrò mi ni mo ti ń kà á, ọ̀rọ̀ àpótí yẹn sì wọ̀ mí lára kí n tó kúrò ní ojú ìwé àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le. Mo fi alẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, iná ti lọ, ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ni mo ń lò. Oorun gbé mi lọ. Alẹ́ kejì, bákan náà. Ní ọjọ́ kẹta, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè pátápátá, ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí mo mu gààrí tútù tán, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á sókè. Ó wá ṣí. Ọ̀gbẹ́ni Akínyọdé, olùkọ́ tó dúró fún bàbá òǹkọ̀wé nínú ìtàn náà, gba lẹ́tà láti ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí wọn kò tíì rí ara wọn sójú rí, Ashtabula sì ni orúkọ ìlú tí lẹ́tà náà ti wá. Ó ń pe orúkọ yẹn lẹ́nu bí ẹni tó ń jẹ àdídùn. Mo pe òun náà fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, Àṣítábúlà, wọ́n sì ní orúkọ Rẹ́mọ ni. Títí a fi parí ìwé náà, ẹni tó bá fẹ́ lọ rajà á ní òun ń lọ sí Ashtabula.

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni ọ̀wọ̀ tí ìwé náà ní fún olùkọ́ ìlú kékeré. Kò sí ẹni tó ń kọrin irú wọn. Ọ̀rọ̀ ìjà oyè tó wà níparí, nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó máa jẹ Ọdẹmọ, ìyẹn ọba Ìṣarà, yára ju gbogbo ìyókù lọ, ó sì dùn. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó bá fẹ́ kà á ni kó má ṣe fi alẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ewì ló tẹ̀ lé e, mi ò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. The Eye of the Earth ni, ti Níyì Ọ̀ṣúndáre, 1986. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni, òkúta Olósùnta àti Ọ̀ròólé ló ń kí bí ẹni kí àgbà ilé. Ó kọ ọ́ sórí àwọn ewì kan pé ìlù ni kí wọ́n fi gbè é, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sì fi ìka lu tábìlì àti ìdérí áyọ́ọ̀nù. Àwọn ewì tó ń sọ̀rọ̀ igbó àti oko dára púpọ̀ létí. Àwọn tó ń bá ìjọba wí kò dúró lọ́kàn mi tó bẹ́ẹ̀.

Ìwé kẹfà, The Secret Lives of Baba Segi's Wives, ti 2010. Lọlá Shónẹ́yìn tó kọ ọ́, ọmọ Rẹ́mọ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbàdàn ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Bàbá Ṣẹ̀gi fẹ́ ìyàwó kẹrin, Bọ́láńlé, tó ti lọ sí yunifásítì. Kò tètè lóyún, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, àṣírí sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Mi ò ní sọ àṣírí náà. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni agbára ìwé náà wà: obìnrin tí o ti kórìíra látẹnu ìyálé rẹ̀, á wá jókòó tì ọ́, á sọ ibi tó ti ń bọ̀, ọwọ́ rẹ á sì rọ̀. Àríyànjiyàn gba ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà gbè lẹ́yìn Ìyá Ṣẹ̀gi délẹ̀, ó ní òun ló gbé ilé náà ró. Kékeré ní ìkà ni. Àwọn ojú ìwé kan wà tí mi ò kà sókè, torí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún wà láàárín wa, mo sì sọ fún wọn pé mo fo nǹkan. Lójú tèmi, Bàbá Ṣẹ̀gi ló yẹ kí a káàánú jù. Òǹkọ̀wé náà fi í ṣe ẹni yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀, àfi ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí ló tó jẹ́ kí a rí i bí ènìyàn.

Eré oníṣe ni mo fi kádìí rẹ̀. Women of Owu, tí Fẹ́mi Ọ̀ṣófisan kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006. Èrúnwọ̀n ni wọ́n bí i sí ní 1946, ọ̀kadà á gbé ọ débẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde kí ara rẹ tó balẹ̀ dáadáa. Ó mú eré àtijọ́ kan tí Euripides ọmọ Gíríìkì kọ ní nǹkan bí egbèjìlá ọdún sẹ́yìn, nípa àwọn obìnrin Troy lẹ́yìn tí ogun kó ìlú wọn, ó sì gbé e wá sí Òwu. Ogun ti jó ìlú. Wọ́n ti pa gbogbo ọkùnrin. Àwọn obìnrin wà nínú àgọ́ lẹ́yìn odi, wọ́n ń retí ẹni tí wọ́n máa pín oníkálukú wọn fún. Erelú Afin, olorì tó ti di ẹrú láàárín ọjọ́ kan, ló ń sọ̀rọ̀ jù.

Èmi ò mọ ogun Òwu ju orúkọ lọ. Mo ṣí ìwé náà bí ẹni tó ń ṣí ìtàn ìlú òkèèrè. Ojú ìwé díẹ̀ sí i, mo rí i pé àwọn ọmọ ogun tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, Ìjẹ̀bú wà nínú wọn. Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, pẹ̀lú àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé. Mo gbé ìwé sílẹ̀. Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kì wá, wọ́n ti kọ́ wa pé ọdún 1892 ni àwọn Òyìnbó fi ìbọn ńlá ṣẹ́gun wa ní Ìmàgbọ̀n, pé a jẹ̀yà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi ní ilé ìwé pé ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún ṣáájú ìyẹn, àwa náà gbé ìbọn tí a rà létíkun lọ sí ìlú ẹlòmíràn.

Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún wọn, wọ́n ń gbádùn díẹ̀díẹ̀. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti wá, àdúgbò Òwu gan-an. Mo ro ó títí bóyá kí n kà á sí wọn létí tàbí kí n má kà á. Àwọn fúnra wọn ló pè mí.

“Ìyàwó mi, ìwé wo lò ń dá kà lónìí tí o kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́?”

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí bẹ́ǹṣì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ fún wọn láti Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì. Nígbà tí mo bá dé ibi orin arò, mi ò ní túmọ̀, torí Yorùbá ni. Wọ́n ń mirí. Wọ́n mọ Ańlùgbúà, òrìṣà Òwu tó wà nínú eré náà, wọ́n ní bàbá àwọn ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi dákẹ́, kò sẹ́ni tó tẹ máṣíìnì.

A dé ibi tí Gẹ̀sìndé, ìránṣẹ́ àwọn ọ̀gágun, ti wá gba ọmọ lọ́wọ́ Adúmáadán, opó ọmọ Erelú. Ọmọ kékeré ni. Àwọn tó ṣẹ́gun ní kò gbọdọ̀ dàgbà, torí ọmọ ọba ni. Ojú ń ti ìránṣẹ́ náà, kò mọ bí òun á ṣe la ẹnu. Mo ń túmọ̀ lọ, ohùn mi sì ti ń yí padà. Màmá na ọwọ́, wọ́n gbé e lé ojú ìwé náà.

“Dúró síbẹ̀.”

Mo dúró. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀.

“Ta ni wọ́n pé àwọn ọmọ ogun yẹn jẹ́?”

“Ìjẹ̀bú, Màmá. Ifẹ̀. Àtàwọn Ọ̀yọ́ kan.”

“Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nìyẹn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

Wọn ò bínú, wọn ò sì ní kí n má bínú. Wọ́n ní ìyá tó bí ìyá àwọn máa ń sọ pé àwọn ti ní ilé níbì kan rí kí àwọn tó dé Abẹ́òkúta. Bí èèyàn bá bi í pé níbo, á ní iná jó o. Kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mi ò lè sùn. Ní òwúrọ̀, mo ránṣẹ́ sí àbúrò mi, ó sì fi ọkọ̀ ránṣẹ́ ìwé ńlá Samuel Johnson sí mi láti Ṣágámù, The History of the Yorubas. Ọdún 1897 ni Johnson kọ ọ́ tán, ó kú ní 1901, ìwé náà kò sì jáde títí di 1921, àbúrò rẹ̀ Obadiah ló tún un kọ nígbà tí èyí àkọ́kọ́ sọnù. Èmi ò kà á tán, mi ò sì ní díbọ́n. Ibi ogun Òwu nìkan ni mo lọ. Johnson sọ pé ọjà Apòmù ni wàhálà ti bẹ́, lórí ataare tí wọ́n ń tà, tí ẹnì kan ní iye rẹ̀ kò pé. Ìjà ọjà di ìjà ìlú. Torí pé wọ́n pa àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú ni Ìjẹ̀bú fi dara pọ̀ mọ́ Ifẹ̀. Ìbọn wà lọ́wọ́ Ìjẹ̀bú, àdá ló pọ̀ lọ́wọ́ Òwu. Wọ́n dó ti ìlú náà fún ọdún púpọ̀, ebi wọlé, Òwu sì fọ́. Wọ́n ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tún un kọ́ mọ́.

Òkú-òru àná, mo rò pé Ọ̀ṣófisan ló fi kún un kó lè pa wá lẹ́kún. Kò fi kún un. Ó yọ púpọ̀ kúrò, ó fi gbogbo ogun yẹn sílẹ̀, ó sì dúró ti àwọn obìnrin nìkan lẹ́yìn tí ohun gbogbo ti parí. Ọmọ Èrúnwọ̀n ló jókòó kọ arò Òwu, tó sì fi ọ̀rọ̀ tó le jù sẹ́nu olorì tí àwọn baba wa sọ di ẹrú. Nínú ìwé méjèèje, òun ni mo fi síwájú, mi ò sì rí èyí tó sún mọ́ ọn. Bí mo bá ní láti wá àbùkù kan, ẹ̀dá inú rẹ̀ kan wà, Ìyùnlóyè, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ìṣáájú tìtorí rẹ̀ gbógun wá. Mo fẹ́ kó bá mi sọ̀rọ̀ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó sọ bó ṣe rí nínú rẹ̀ gan-an, kó má kàn jẹ́ ẹjọ́ ni yóò máa rò.

Mo ka ibi ataare náà fún Màmá ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní kí n tún un kà.

“Ataare.”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n parí eré náà, láti ibi tí àwọn ti ní kí n dúró. Mo parí rẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú, àwọn ọmọ iṣẹ́ kò lọ sílé.

Nígbà tí ọkọ mi fẹ́ gbé wọn padà sí Abẹ́òkúta ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n bi mí bóyá ìwé yẹn ṣì wúlò fún mi. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn kan wà nílé tó lè kà á fún àwọn yòókù. Wọ́n fi ìborùn wọn wé e, wọ́n sì gbé e lé ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀. Èékù àǹkárá pupa tí mo fi sí ibi tí wọ́n ti ní kí n dúró ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ti bẹ àbúrò mi pé kó bá mi wá ẹ̀dà mìíràn.